Orúkọ Tí Mi Ò Lè Pè

Dádì mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ṣe nǹkan kan lánàá tí mi ò lè sọ fún Mummy. Ẹ̀yin nìkan ni mo lè bi bóyá ó dáa, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin gan-an ni mo ṣe é sí.

Basement ilé Rina ni mo ń gbé, ní àdúgbò Rundle, lókè òkun níbí. A jọ wà ní first year ní yunifásítì. Ará India ni wọ́n, ẹlẹ́sìn Hindu. Láti ọjọ́ mélòó kan ni ìyá rẹ̀, tí mò ń pè ní Auntie, ti ń gbá gbogbo ilé, tó ń fi ìyẹ̀fun aláwọ̀ oríṣiríṣi ya òdòdó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń to àtùpà amọ̀ kéékèèké sójú fèrèsé. Diwali dé. Mo rò pé mo mọ ìtàn rẹ̀: wọ́n lé ọmọ ọba kan, Rama, lọ sínú igbó fún ọdún mẹ́rìnlá, nígbà tó ń bọ̀ wálé, àwọn ará ìlú tan iná dè é. Àwọn mìíràn ní torí Lakshmi, òrìṣà ọrọ̀, ni, kó má baà fo ilé àwọn dá. Oúnjẹ dídùn wọn ni mo kàn ń retí ní tèmi.

Àmọ́ ní Odisha, níbi tí Auntie ti wá, wọ́n tún ń tan iná fún àwọn òkú wọn. Wọ́n gbà pé àwọn òkú náà ti wá kí ilé nínú òkùnkùn, pé ìrọ̀lẹ́ Diwali ni kí wọ́n padà nínú ìmọ́lẹ̀. Igi gbígbẹ kan ni wọ́n ń finá sí, tí Auntie kó sínú suitcase wá láti ilé. Mo wá orúkọ rẹ̀ lórí fóònù. Dádì, igi ewédú ni! Ewédú tí ẹ máa ń já fún Mummy ní Saturday, tí ẹ ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì lábẹ́ ahọ́n.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí a bọ́ sí backyard, snow kún ilẹ̀. Auntie na igi kan sí mi, iná ti ń jó lórí rẹ̀. Ó ní kí n pe orúkọ bàbá mi, kí n ní kó máa lọ ire.

Orúkọ yín kẹ̀? Mo máa ń kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, ẹnu mi ò gbé e rí. Iná ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀.

"What's his name?" Rina pariwo. "Your glove! Your glove!"

"Bàbá mi," ni mo sọ.

Inú Auntie dùn. "Baba? We also say Baba!" Ló bá kọjú sókè, ó ń pè yín: "Baba! Baba!"

"Mummy, that's not his name," ni Rina sọ fún un.

"Keep quiet. He knows himself."

Ó wá ku kí n ní kí ẹ máa lọ. Dádì, orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú yín torí visa, network sì já kí wọ́n tó da erùpẹ̀. Mi ò tíì kí yín pé ó dìgbà. Ọ̀rọ̀ tó bọ́ lẹ́nu mi ni, "Dádì, ẹ má tíì lọ." Kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀. Auntie gbá mi mọ́ra, ó rò pé mo ti ṣe é dáadáa.

Àyà mi ò tíì balẹ̀ látìgbà náà. Mo ní quiz lọ́la, ìwé ò wọlé. Ṣé mo ti dá yín dúró ni? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wọ sweater bí ọyẹ́ bá kàn fẹ́ díẹ̀? Elder ìjọ ni yín, ẹ ò gbà pé òkú ń rìn kiri. Àbí ẹ ti mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ báyìí?

Mi ò ní igi, mi ò sì ní iná, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Ẹ máa lọ, Dádì. Òtútù ìhín kì í ṣe ẹgbẹ́ yín. Ẹ má dúró dè mí.

Ó dàárọ̀, sà.

Èmi ni,
ọmọ yín, tí kò ní pe orúkọ yín láéláé.