Bàbá, Mo Ti Ka Ìwé Iṣẹ́ Yín

Bàbá mi àtàtà,

Òjò ń rọ̀ ní Agége láti àná. Ara wa le. N kò mọ ohun mìíràn tí mo lè fi bẹ̀rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ lò kẹ́yìn láyé, ibà mú yín, àyà ń dùn yín, síbẹ̀ àràárọ̀ ni ẹ ń forí lé ilé iṣẹ́ tí ẹ ti ń la gẹdú. Ìyá wa bẹ̀ yín títí. Ẹ ní, “Bí mo bá sùn sílé lónìí, ẹlòmíì ni yóò dúró nídìí ayùn mi lọ́la.” Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n gbé yín wálé. Ẹ ò dìde mọ́.

Lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́, Ìyá ṣí àpótí yín, wọ́n sì fún mi ní bébà kan. Ìwé àdéhùn iṣẹ́ yín ni. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ojú àtàǹpàkò yín wà nísàlẹ̀. Ó ní bí òṣìṣẹ́ bá ń ṣàìsàn, tó sì mú ìwé dókítà wá, ó lè sinmi fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, owó rẹ̀ kò ní dúró, wọn kò sì ní lé e. Mo ń retí kí omi bọ́ lójú mi. Kò bọ́. Ìyá bi mí ohun tó wà níbẹ̀. Mo ní ìwé iṣẹ́ lásán ni.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń ka lẹ́tà tí àwọn ará ilé bá kọ láti Ògbómọ̀ṣọ́ fún yín, ẹ ó dijú, ẹ ó máa mi orí bí ẹni ń gbọ́ wáàsí. Kí ló dé tí ẹ kò mú èyí jáde? Kí ló dé tí n kò béèrè?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ràímì, àbúrò mi, ríṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan n'Íkẹjà. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má tẹ̀ka sí nǹkan kan kí n tó rí i. Ẹ̀rù bà á pé iṣẹ́ náà lè bọ́, ṣùgbọ́n ó gba bébà àdéhùn náà wálé. Mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún un, Ìyá ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ àìsàn, ọwọ́ Ìyá dúró lórí ẹ̀wà.

“Ṣé irú èyí wà nínú ti bàbá yín?”

N kò lè purọ́ lẹ́ẹ̀kejì. “Ó wà níbẹ̀, Ìyá.”

“Tún un kà.”

Mo tún un kà. Wọn ò sunkún. Wọ́n gbé atẹ ẹ̀wà wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. A kò dáná lọ́jọ́ náà.

Ràímì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò tẹ̀ka, orúkọ rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ó yẹ kí inú mi dùn, ṣùgbọ́n n kò mọ nǹkan kan lára.

Bàbá, ṣé ẹ kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ ni? Àbí ẹ mọ̀, tí ẹ kàn kò gbà pé wọ́n á mú un ṣẹ fún irú yín?

Èmi ni, ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín.