Bàbá Olómi-Ọṣẹ, Tí Kò Jẹ́ Kí Omi Ìwẹ̀ Ilé Wọn Ṣòfò

Ní ọdún 1946, ọdún tí odò ẹ̀yìn abúlé gbẹ tí àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀, ni a bí Bàbá wa, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Bàbá Olómi-Ọṣẹ. Ìdílé agbẹ́kànga ni wọ́n ti wá. Bàbá wọn gbẹ́ kànga, bàbá bàbá wọn gbẹ́ kànga, ìyá wọn sì ń mọ ìkòkò omi tà. Síbẹ̀, kànga inú agboolé tiwọn gan-an kì í rí ẹ̀rùn já. Bí ọdún bá ti wọ oṣù kejì, ẹrẹ̀ ni korobá ń gbé bọ̀. Àwọn aládùúgbò a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé agbẹ́kànga kì í gbẹ́ tara rẹ̀. Àwa ẹbí kí yín káàbọ̀ síbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ Bàbá yìí. Ọwọ́ ìyàwó wọn ni kálàmù wà, àwọn ọmọ sì ti bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣọ́ ẹnu. Yóò gbìyànjú.

Ní ọdún 1953 ni Bàbá bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Orí wọn pé, ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀rùn, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pọnmi ní odò ọ̀nà jíjìn kí wọ́n tó lọ, pàṣán tíṣà a sì ti máa dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé ibẹ̀ ni àwọn ti kọ́ ọ pé omi tí ènìyàn bá fi orí rù kì í ṣe ohun tí à ń dà nù lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí wọ́n ka ìwé mẹ́fà tán, wọ́n lọ sí ìlú lọ kọ́ iṣẹ́ alágbàfọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá wọn.

Ṣọ́ọ̀bù náà kò ju yàrá kan lọ: bàsíà mẹ́ta, áyọ́ọ̀nù eléèédú, okùn tí a ta láti ògiri dé ògiri. Omi ọṣẹ ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn lọ sí gọ́tà. Bàbá ṣàkíyèsí pé bí gbogbo koríko àdúgbò bá gbẹ, èyí tó wà lẹ́bàá gọ́tà tiwọn a ṣì máa tutù yọ̀yọ̀. Wọn kò sọ fún ẹnì kankan, ṣùgbọ́n wọn kò gbàgbé.

Ní ọdún 1971, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ara rẹ̀ kún dáadáa gbé aṣọ funfun kan wá, epo ti ta sí i láyà. Bàbá fọ̀ ọ́ títí, epo kò kúrò. Wọ́n ní kó padà wá lọ́la. Ó padà wá lọ́la, ó padà wá lọ́tùn-únla, títí wọ́n fi fẹ́ ẹni tó ni aṣọ. Epo náà wà níbẹ̀ dòní. Láti ìgbà tí ìyàwó náà ti bí àkọ́bí ni aṣọ ọ̀hún kò ti gba apá rẹ̀ kan mọ́, ká má tíì sọ ìbàdí, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe àkísà.

Nígbà tó fi di ọdún 1994, ẹ̀rọ ìfọṣọ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ alágbàfọ̀, ọṣẹ sì ti jẹ àtẹ́lẹwọ́ Bàbá. Wọ́n kó wa padà sí agboolé bàbá wọn, wọ́n ń dáko. Òjò rọ̀, a jẹ. Ẹ̀rùn dé, a káwọ́ gbera. Àkọ́bí, obìnrin, lọ sí ìlú lọ ránṣọ. Èkejì lọ wa ọkọ̀ akẹ́rù. Nígbà tí àbíkẹ́yìn ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù, Bàbá dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, wọ́n ní, "Tí ìwọ náà bá lọ, ó ku èmi àti ìyá ẹ. Tí a bá kú, ilé yìí di ti aláǹgbá. Fún mi ní ẹ̀rùn kan péré." Ọmọ náà gbà. Ó ti báàgì rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n kò tú u.

Ẹ̀rùn yẹn, ní ọdún 2004, obìnrin kan tó ń kọ́ni níṣẹ́ ọ̀gbìn wá pàdé àwọn àgbẹ̀ ní ilé ìwé abúlé. Bàbá dìde, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ koríko ẹ̀bá gọ́tà tó ti wà nínú wọn láti ìgbà èwe. Obìnrin náà kò fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ lé wọn délé, ó wo balùwẹ̀, ó wo ibi tí a ti ń fọ abọ́, ó sì kọ́ wa níṣẹ́. Omi ìwẹ̀, omi ìfọṣọ àti omi ìfọbọ́ yóò gba inú àgbá ike mẹ́ta kọjá: koríko gbígbẹ tó ń di ọ̀rá oúnjẹ mú wà nínú èkíní, òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn nínú èkejì, èédú nínú ẹ̀kẹta. Láti ibẹ̀, rọ́bà tín-ín-rín tí a lu níhò yóò máa kán an sí ìdí ọ̀gbìn, kì í ṣe sórí ewé. Omi tòní kò gbọdọ̀ di tọ̀la, nítorí yóò rùn. Omi ilé ìgbẹ́ kò sì gbọdọ̀ bá wọn pàdé láéláé. Bàbá wá fi òfin tiwọn lé e, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tọ̀ sí balùwẹ̀. "Ẹ rò pé mi ò ní mọ̀? Ata ló máa sọ fún mi." Àlejò tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan a máa rò pé ogbó ti ń dà wọ́n láàmú.

Ìyàwó wọn kò kọ́kọ́ gbà. Ó ní òun kò ní jẹ tòmátì tó ti mu omi ìdí òun. Bàbá ní, "Ìyá àwọn ọmọ, omi ìwẹ̀ tìẹ nìkan tó ebè méjì. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o rù." Nígbà tí àkọ́kọ́ pọ́n, òun náà ló já a, orí ìdúró ló sì ti jẹ ẹ́ tán. Ó ní òun kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun dùn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ní kó yọ gbólóhùn yìí kúrò. Bàbá ìbá fẹ́ kó wà níbẹ̀.

Oòrùn ṣì ń fa omi náà mu, kòkòrò sì ń jẹ èyí tó kù. Nítorí náà, ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Bàbá àti àbíkẹ́yìn ri òpó igi mọ́lẹ̀, wọ́n fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù funfun bò ó lórí dípò páànù, wọ́n fi àwọ̀n ẹ̀fọn yí i ká. Ilé ọ̀rá nìyẹn. Kò ju yàrá méjì lọ, omi ìdílé kan sì tó o. Láàárín ẹ̀rùn, nígbà tí oko gbogbo ayé ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tòmátì àti ata ń jáde látinú rẹ̀, àwọn alásè ilé ìwé ńlá kan sì ń rán ọkọ̀ wá kó wọn. Ẹ̀rùn kan di méjì, ó di mẹ́ta. Àbíkẹ́yìn gbéyàwó. Báàgì ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ní ọdún 2009 ni ìdánwò dé. Ìyàwó tuntun fẹ́ fi han ìyá ọkọ pé òun kì í ṣe ọ̀bùn. Ó ra oògùn olóòórùn líle tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ ilé ìwòsàn, ó fi fọ balùwẹ̀, ó fọ ilé ìdáná, ilé wá ń rùn bíi wọ́ọ̀dù. Ìyá ọkọ ń yìn ín, ó ń fi ẹsẹ̀ júwe ibi tó kù fún un. Oògùn ṣàn sínú àgbá, ó ti ibẹ̀ wọ inú rọ́bà. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo ohun tó wà nínú ilé ọ̀rá ti rọ bí ẹ̀fọ́ inú omi gbígbóná. Ọkọ̀ alásè dé, ó padà lófo. Àbíkẹ́yìn fa báàgì rẹ̀ yọ. Ìyàwó rẹ̀ náà ń di tirẹ̀, ó ń sunkún, ilé ìyá rẹ̀ ló fẹ́ padà sí.

Bàbá dojú korobá kan délẹ̀, wọ́n jókòó lé e lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún un? Gbogbo òfin ìtọ̀ tí mò ń pa kiri, ṣé mo sọ ti oògùn?" Wọ́n nawọ́ pe ìyàwó tuntun náà. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá ti rí ohun tó ń pa ọ̀gbìn ló máa mọ̀ ọ́n ṣọ́." Wọ́n tú kọ́kọ́rọ́ ilé ọ̀rá ní ìbàdí, wọ́n fi lé ìyàwó tuntun lọ́wọ́. Wọn kò fi lé ọmọ wọn.

Òun ló kó iyẹ̀pẹ̀ tó bàjẹ́ dà síta, òun ló pààrọ̀ yanrìn àti èédú inú àgbá. Títí dòní, ẹni tó bá gbé ọṣẹ tàbí oògùn tuntun wọ agboolé yìí, ó di dandan kó kọ́kọ́ gbé e fún un gbóòórùn, ì báà jẹ́ àna. Ní ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ alásè padà wá. Ọkọ rẹ̀ tú báàgì. Adìẹ ló ń yé sínú rẹ̀ báyìí. Àwọn obìnrin abúlé wá kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ rẹ̀, àgbá mẹ́ta sì ti wà lẹ́yìn balùwẹ̀ ọ̀pọ̀ ojúlé. Àwọn kan tó ti lọ sí ìlú ti padà wálé.

Mùsùlùmí òdodo ni Bàbá, ìlà kìíní ni wọ́n máa ń dúró sí. Ní ọdún 2012, wọ́n bẹ àfáà pé kí omi àlùwàlá mọ́sálásí máa ṣàn lọ sí ilé ọ̀rá tí àwọn opó abúlé kọ́. Àfáà ní omi àlùwàlá kì í ṣe omi ìdọ̀tí. Bàbá ní, "Ẹ ṣeun, àfáà. Ìdí tí mo fi ń tọrọ rẹ̀ nìyẹn." Àfáà rẹ́rìn-ín, wọ́n gbẹ́lẹ̀ fún rọ́bà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Bàbá ṣe àlùwàlá ìrọ̀lẹ́, wọ́n tẹjú mọ́ omi náà títí ó fi wọ inú àgbá, wọ́n jókòó sórí korobá wọn, wọn kò sì dìde mọ́. Nínú gbogbo omi ìwẹ̀ wọn, èyí tí a fi wẹ̀ wọ́n kẹ́yìn nìkan ni kò dé oko. Ìyàwó ọmọ wọn ló fọwọ́ ara rẹ̀ dí ẹnu rọ́bà.

Bàbá fi ìyàwó sílẹ̀ lọ, pẹ̀lú àbúrò obìnrin kan, ọmọ mẹ́ta, aránṣọ, awakọ̀ àti àgbẹ̀, ìyàwó ọmọ tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ọmọ-ọmọ mẹ́jọ tí kò sí èyí tó jẹ́ tọ̀ sí balùwẹ̀, àfi èyí tó kéré jù tí a ṣì ń ṣọ́. Àwọn ọmọ tó wà ní ìlú ti ní kí ìyá àwọn wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn, kó sinmi. Ó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò tíì rù, ebè méjì sì ń dúró de omi ìwẹ̀ rẹ̀ láràárọ̀. Kò lọ síbì kankan.

Ẹ̀yin tí ẹ bá wa kẹ́dùn, àdúrà ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe àlùwàlá jọ̀wọ́ ṣe é lórí pèpéle sìmẹ́ǹtì ẹ̀gbẹ́ balùwẹ̀, kí omi yín lè rí ọ̀nà lọ.

Bàbá Olómi-Ọṣẹ, ẹ fọ̀ ọ́, ó mọ́. Kí Ọlọ́run fi ilẹ̀ tútù ṣe ẹní fún yín. Ẹ sùn dáadáa, a ti ṣí ẹnu rọ́bà padà.