Oró Kọ́ Ni Òpó Ẹ̀yìn Balùwẹ̀ Mi

                                        Yàrá Kẹrin,
                                        Ilé Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀bù Télọ̀,
                                        Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi láti yàrá àyẹ̀wò,

"Bàbá, oró ni igi náà, kì í ṣe kátọ́ọ̀sì. Wàrà rẹ̀ lè fọ́ ọmọdé lójú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e dànù." Bí o ṣe kọ ọ́ sí onílé mi gan-an nìyẹn, n kò fi kún un, n kò sì yọ nínú rẹ̀.

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ikọ́ ti fi ọkọ rẹ sílẹ̀? Àwọn ìbejì ńkọ́? Ìyá wa ńkọ́, ṣé orúnkún ti fún wọn láyè? Ara tèmi le. Inú ń bí mi sí ọ, inú mi sì ń dùn débi pé n kò mọ èyí tí n óò kọ́kọ́ kọ.

Jẹ́ kí n tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Nígbà tí onílé ní òun fẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ̀wé nípa ohun tí mo gbìn, ègé méjì ni mo fi ránṣẹ́ sí ọ. Mo lẹ bébà mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: kátọ́ọ̀sì tèmi, igi ẹlẹ́gùn-ún tó wá láti òkèèrè, ni "Ìkíní", "Ìkejì" ni oró, igi oníwàrà tí télọ̀ fi ṣọgbà, kí o lè fi wọ́n wéra. O tún kọ̀wé sí mi pé wàrà ń ṣàn lára tèmi, pé ẹ̀gún rẹ̀ ń yọ ní méjì-méjì. Ọgbà télọ̀ ni o ṣàpèjúwe, ọ̀rẹ́ mi. O ti ya bébà mi dànù, bí ìgbà tí olùkọ́ wa ní pólì bi ọ́ pé lébẹ́ẹ̀lì ìgò rẹ dà, tí o ní, "Orí mi ni lébẹ́ẹ̀lì, sà."

Ìdìpọ̀ ni ẹ̀gún tèmi, inú ohun kan tó rí bí òwú ló sì ti ń yọ. Ọdún kẹfà rèé tí mo gba ègé rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá mi àtijọ́. Mo fi í sábẹ́ òjìji fún ọjọ́ mẹ́wàá kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ gbẹ, mo gbìn ín sínú yanrìn, n kò sì bomi rin ín àfi bí ilẹ̀ bá gbẹ táútáú. Ó ti dúró bí òpó lẹ́yìn balùwẹ̀, ó sì ti ga ju òrùlé rẹ̀ lọ.

Ní òwúrọ̀ yìí, mo gbé bákẹ́ẹ̀tì, mo ń lọ wẹ̀. Òdòdó mẹ́ta ti là lára rẹ̀, funfun báláú, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó àwo ìjẹun. Mo da omi nù, mo dojú bákẹ́ẹ̀tì dé, mo jókòó lé e, mo sì rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Ìyàwó onílé yọ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu: "Ta ló fọ́ ìgò lọ́fínńdà síbí?" Télọ̀ yọjú lókè ọgbà: "Ìyá, oró tèmi ò ṣe irú èyí rí o. Ó kàn ń gún èèyàn ni."

Mo gé díẹ̀ lára rẹ̀ lójú onílé. Omi lásán ló jáde, kì í ṣe wàrà. Onílé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní, "Ìwọ lo ni ín, o ò lè ṣe ẹlẹ́rìí ara rẹ. Ẹni tó ní kí n gé e ni kó ní kí n má gé e." Aládàá ń bọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ìrudi mọ́kànlá ṣì wà lórí igi náà. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ìbejì. Sọ fún ìyá wa pé ègé kan ti ń gbẹ lábẹ́ òjìji fún wọn. Mo ti lẹ bébà mọ́ ọn.

Kọ̀wé sí onílé, kí o sì fọwọ́ sí i: kátọ́ọ̀sì ni, ìwọ lo ṣi ègé mú. Awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá ń padà bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni èsì rẹ gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ onílé.

Tìrẹ ni mo ṣì jẹ́ títí di aago náà,
Alákọsílẹ̀.