Mo Ń Bọ̀ Wá Pẹja

Àbúrò mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ wà? Orúnkún mi ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀, mo sì ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni pé, tí mo bá wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ yín létí òkun, mo máa lọ pẹja. Àkọ́bí mi ní, "Màmá, ẹ jókòó jẹ́ẹ́." Mo ní, "Ogójì ọdún ni mo fi jókòó ránṣọ. Ìjókòó náà ti tó."

Mo ti bá apẹja tó ń mú àlejò kiri sọ̀rọ̀. Owó ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ ga jù, la bá fẹnu kò pé a ó fẹsẹ̀ wọ omi etíkun láti pẹja fún ààbọ̀ ọjọ́. Èmi fúnra mi ni mo wé ìyẹ́ mọ́ ìwọ̀ mẹ́fà, kí wọ́n lè jọ kòkòrò lójú ẹja. Nígbà tí apẹja náà rí fọ́tò wọn, ó yọ owó ìwọ̀ kúrò nínú iye tó pè.

Jọ̀ọ́, bá mi wá bàtà omi. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí. Bí àkọ́bí mi bá pè pé kí o dá mi dúró, sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ti wà nínú omi.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin