Gìgísẹ̀ Mi Ti Kúrò Nílẹ̀

                                        Fúláàtì Kẹta, Blọ́ọ̀kù Kẹtàdínlógún,
                                        Jakande Estate,
                                        Ìsọlọ̀, Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Bélú, 2025.

Àìná, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo lara? Bàbá Ayọ̀kúnmi ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ojú Màámi tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, ṣé wọ́n ti ń ríran dáadáa báyìí? Ẹ kú ewu omi tó kún lóṣù tó kọjá. Mo gbọ́ pé ó dé ẹnu ọ̀nà yín ṣùgbọ́n kò wọlé. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àwa náà ń bẹ níbí. Tẹ́júọlá ti wọ kíláàsì karùn-ún, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mi.

Mo mọ̀ pé ó máa yà ọ́ lẹ́nu pé mo ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì abúlé yín kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ délẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí sì pọ̀ lẹ́nu mi. Mo fi lẹ́tà yìí lé Alameen lọ́wọ́, awakọ̀ tó máa ń wá kó pákí lọ́nà yín, pẹ̀lú àwọn ìwọ̀ tuntun tó wà nínú ọ̀rá. Ohun tí o ń rò náà ni. Mò ń bọ̀ wá pẹja.

O gbọ́ lóṣù Èrèlé pé mo fẹsẹ̀ ṣèṣe, ṣùgbọ́n mi ò tíì ròyìn ẹ̀ fún ọ tán. Ọjọ́ ìdíje eré ìdárayá ilé-ìwé Tẹ́júọlá ni. Wọ́n ní kí àwọn ìyá jáde wá sáré. Èmi tí mo ti ń fọ́nnu fún ọmọ mi, mo bọ́ bàtà, mo ká yẹ̀rì sókè. Mo ti wà níwájú gbogbo wọn nígbà tí mo gbọ́ “pó” lẹ́yìn ẹsẹ̀ òsì mi, bí ìgbà tí ènìyàn bá gbá mi nípàá. Mo ṣubú lulẹ̀. Mo yíjú padà láti bá Ìyá Mardiyah jà, aládùúgbò wa tí fúláàtì wọn kọjú sí tiwa, nítorí òun ló tẹ̀ lé mi. Àṣé ó ṣì jìnnà sí mi gan-an. Òun náà ló wá pọ̀n mí kúrò lórí pápá.

Iṣan gbọọrọ tó wà lókè gìgísẹ̀ ló já. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n fi pí-ó-pí dì í, Bàbá Tẹ́jú sì ń gbé mi gun àtẹ̀gùn bí ọmọ ọwọ́. Nígbà tí wọ́n tú u, Albert, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ mi ní ìrìn lọ́sibítù, bi mí pé kí ló wù mí jù láti tún ṣe. Ó rò pé mo máa ní eré sísá ni. Mo ní kí n dúró létí ibú ní abúlé ìyá mi lọ́jọ́ tí Baálẹ̀ bá ṣí i. Kò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Mo wá ṣàlàyé pé tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀ síbẹ̀ mọ́ títí odò á fi fà, tí ẹja á sì kó jọ sínú ibú. Pé láti kékeré lèmi àti ìwọ ti jọ ń dúró níbẹ̀, mi ò sì pa ọdún kankan jẹ rí. Ó bi mí bóyá etí ibú náà ń yọ̀. Mo ní ó ń yọ̀ bí ilá.

Ó ní, “Mà, ọjọ́ tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ òsì nìkan dúró, tí ẹ gbé gìgísẹ̀ yín kúrò nílẹ̀, ọjọ́ yẹn lẹ máa lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ jókòó sílé.”

Bàbá Tẹ́jú di ọ̀rọ̀ náà mú ṣinṣin. O mọ̀ ọ́n, ẹ̀rù omi ń bà á. Ó ní òun ò ní gbé òkú ẹsẹ̀ kiri lẹ́ẹ̀mejì.

Àìná, mo gbìyànjú. Nídìí sínkì, lórí àtẹ̀gùn, nínú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí wọ́n bá ń kọrin. Gìgísẹ̀ náà lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi símẹ́ńtì mọ ọ́n síbẹ̀. Oṣù tó kọjá, mo ti ń sunkún ní kọ̀rọ̀. Tẹ́júọlá bá mi lẹ́nu ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó sì bi mí bóyá nítorí òun ni mo ṣe sáré. Mo gbá a mọ́ra.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni òjò ṣú lójijì. Afẹ́fẹ́ ti gbá aṣọ ilé-ìwé Tẹ́júọlá lọ sí ìpẹ̀kun okùn. Mo na ọwọ́ jáde lórí bálíkónì láti fà á, kò tó o, mo tún nà sí i. Ìyá Mardiyah tí ń ká aṣọ tiwọn lódìkejì ké sí mi: “Ìyá Tẹ́jú, ẹ má gbẹ́sẹ̀ yẹn kalẹ̀ o. Ẹ wolẹ̀.”

Mo wolẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi wà lókè lẹ́yìn mi. Ti òsì nìkan ni mo fi dúró, gìgísẹ̀ ẹ̀ sì ti kúrò nílẹ̀. Mo tún un ṣe, ó tún gòkè. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Àwa méjèèjì ń rẹ́rìn-ín, à ń sunkún, aṣọ ọmọ sì já bọ́ sínú gọ́tà.

Bàbá Tẹ́jú bá mi dé ọ̀dọ̀ Albert lọ́jọ́ kejì. Albert dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ gìgísẹ̀ mi, ó rí i pé ààyè wà, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni ọkọ mi dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Ó ní, “Màá tẹ̀ lé ọ lọ. Ìwọ dúró lókè, èmi á dúró nísàlẹ̀ ẹ. Tí o bá yọ̀, ara mi lo máa bá.”

Láti ìgbà náà, oorun ò kùn mí mọ́. Mò ń so ìwọ̀ mọ́ okùn. Tẹ́júọlá ń wa ekòló lẹ́yìn blọ́ọ̀kù, ó ń kó wọn sínú agolo mílíìkì tòun ti ilẹ̀ tútù, mo sọ fún un pé wọ́n á kú kí ọjọ́ tó pé, kò gbọ́. Láàárọ̀ mo máa ń fi ọ̀pá ìwọ̀ dánra wò ní pápá iwájú ilé. Bàbá àgbàlagbà kan bi mí pé irú ẹja wo ni mò ń pa ní Jakande. Ìyá Mardiyah ní tiwọn ti tọrọ ẹja àrọ̀ kan tòun ti orí lọ́wọ́ mi.

Jọ̀ọ́, tí Baálẹ̀ bá ti dá ọjọ́, ránṣẹ́ sí mi kíá. Gba ibi tó ga díẹ̀ sílẹ̀ fún wa kí èrò tó dé, kí o sì wá ṣòkòtò tó ti gbó fún ọkọ mi, torí ẹrẹ̀ ò ní mọ̀ ọ́n ní àlejò.

Bá mi kí Màámi. Bá mi kí gbogbo ará ilé, kí o sì sọ fún Baálẹ̀ pé mo kí wọn, pé kí wọ́n má pẹ́ jù. Èmi ti ṣe tán. Ó kù kí omi fà.

Èmi ni tìrẹ, tó ti ń gbóòórùn ẹja láti Ìsọlọ̀,

Morọ́lá
(Ìyá Tẹ́jú)