Òṣùká Ni Wọ́n Ń Fà Ya, Kì Í Ṣe Ìyá

Ìsọ̀ Ìdìwé Kùdírátù àti Ọmọ,
Ẹ̀yìn Fọlá Àgòrò,
Ṣómólú, Èkó.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Keje, ọdún 2025.

Ọmọ mi Waliyat Àbẹ̀ní,

Salamu aleekun. Mo kí ọ, mo kí yàrá tó o gbà ní Bàrígà, mo kí àwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbébẹ̀. Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ń jẹun? Bó o bá fẹ́ béèrè àlàáfíà tèmi náà, mo ti kú. Mo kà á nínú ìwé rẹ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, ní ojú ìwé kẹta. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru ṣì ń bá mi fínra, eékún ṣì ń dùn mí, mo sì jẹ ẹ̀bà láàárọ̀ yìí. Mi ò mọ̀ pé òkú ń ṣe irú ẹ̀.

Mo mọ̀ pé ìwé márùn-ún tó o fẹ́ kó lọ sílé ìwé lo ń retí lọ́wọ́ Bámilóyè tó ń dìwé ní Fádèyí, kì í ṣe lẹ́tà. Lẹ́tà ló máa fún ọ. Mi ò pè ọ́ lórí fóònù torí pé mo mọ ẹnu ara mi. Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, mo lè sọ ohun tí omi kò ní lè fọ̀ kúrò. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ sórí bébà tó ṣẹ́kù lábẹ́ ẹ̀rọ ìgébébà, ó kéré tán bébà ò lè jágbe mọ́ ọ.

Má bínú sí Bámilóyè, kò mọ nǹkan kan. Ó mọ̀ mí ní Mama Onídìwé, kò mọ̀ ọ́ rí. O gbé iṣẹ́ lọ fún un kí ojú mi má bàa tó ọ, ìyẹn yé mi. Ṣùgbọ́n ìwọ tó jẹ́ pé orí ìdì bébà lo ti ń sùn lọ́sàn-án nígbà tó o wà ní jẹ́léósinmi, báwo lo ṣe gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ ní Ṣómólú? Kò sẹ́ni tó ń dá iṣẹ́ ṣe parí níbí. Ẹni tó gbà á lọ́wọ́ oníbàárà lè má mọ abẹ́rẹ́ dì mú. Ẹlòmíràn ló ń gé e, ẹlòmíràn ló ń rán an, ẹlòmíràn ló ń tẹ orúkọ aláwọ̀ wúrà sí i lára. Irin tí Bámilóyè fi ń tẹ wúrà ti bàjẹ́ láti oṣù tó kọjá. Èmi ló ń gbé iṣẹ́ wá bá. Ibi tó o sá fún gan-an lo fẹsẹ̀ ara rẹ rán ìwé lọ.

Ó dé lọ́sàn-án, ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó fún mi ní bébà kékeré tí wọ́n kọ orúkọ oníṣẹ́ sí. Mo wọ awò ojú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í to lẹ́tà irin lọ́kọ̀ọ̀kan. W. A. L. I. Ọwọ́ mi dúró. Mo to ìyókù. Ọmọ mi! Mo kígbe débi pé Sabina tó ń gé bébà ní ìsọ̀ kejì sáré wọlé, ó rò pé iná ló mú mi. Mo ní kó bá mi yọ̀, Waliyat ti parí ìwé, ó fẹ́ yà mí lẹ́nu ni kò ṣe gbé e wá fúnra ẹ̀. Mo jó, Waliyat. Pẹ̀lú eékún yìí.

Mo wá ní kí n wo ibi tó o ti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Gẹ̀ẹ́sì mi ò jinlẹ̀, kíláàsì kẹta ni mo ti dúró, o mọ̀. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tí wọ́n máa ń kọ sábẹ́ àwòrán òkú, ta ni ò mọ̀ ọ́n ní Ṣómólú? Ìwé ètò ìsìnkú la fi ń jẹun ní ìdajì ọdún. Ó wà níbẹ̀ gbangba: o kọ ìwé náà ní ìrántí bàbá rẹ àti ìyá rẹ, Kùdírátù, tí Ọlọ́run ti pè. O tún kọ orúkọ mi dáadáa, kò sí àṣìṣe kan nínú ẹ̀. Sabina bi mí pé kí lo kọ. Mo sọ fún un pé o dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Nísàlẹ̀ ibẹ̀ lo ti wá dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ran ọmọ tí kò ní bàbá, tí kò ní ìyá, lọ́wọ́ láti kàwé. Háà! Gbogbo ẹ̀ wá yé mi. Lọ́dún méjì sẹ́yìn tó o wá gba ìwé ẹ̀rí ikú bàbá rẹ lọ́wọ́ mi, mo bi ọ́ pé kí lo fẹ́ fi ṣe, o ní, "Fọ́ọ̀mù ilé ìwé ni, Mọ́mì, ẹ má ṣèyọnu." Nígbà tó yá, o ní wọ́n ti yàn ọ́ fún owó ìrànwọ́ ilé ìwé torí pé o mọ̀wé. Mo dín mósà, mo ṣe sàárà, mo pín in láti ìsọ̀ mi títí dé etí títì. Gbogbo àdúgbò ṣe àmín. Mi ò mọ̀ pé sàárà òkú ara mi ni mò ń pín kiri.

Mo pe Àyúbà, àbúrò bàbá rẹ, ní Ọbáníkòóró. Ó ń kólòlò. Òun ló lọ búra ní kóòtù pé mo ti kú, pé òun ni alágbàtọ́ rẹ. Ó ní ìwọ lo bẹ òun, ẹkún rẹ ló mú òun. Ẹkún rẹ! Èmi tí wọ́n pa, ta ló sunkún tèmi? Mo sọ fún un pé kó má fẹsẹ̀ tẹ iwájú ìsọ̀ mi mọ́. Aláìlójútì àgbà.

Ìwọ náà ńkọ́? Bó o bá ti sọ fún mi pé ọ̀nà ò já, ṣé mi ò ní ta irin tí mo fi ń jẹun ni? Bó o bá ti sọ pé ojú ń tì ọ́ nítorí mi, pé gọ́ọ̀mù tó gbẹ mọ́ èékánná mi ò jẹ́ kó o lè fi mí han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, á dùn mí, ṣùgbọ́n màá gbé e mì. O pa mí, lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú Àbámẹ́ta yẹn o tún wá jókòó sórí àpótí mi, o jẹ ẹ̀bà mi, o ní kí n fi ẹran kún un. Ọ̀dájú ni ọ́. O jẹ oúnjẹ òkú, o tún lá ìka.

Lẹ́yìn tí Sabina lọ, mo jókòó ti ìwé náà. Ìbínú ni mo fi ń kà á, mò ń wá ibi tí màá ti mú ọ. Mo fo èyí tí kò yé mi. Ṣùgbọ́n èyí tó yé mi pọ̀, torí ìwọ fúnra rẹ lo ti sọ ọ́ fún mi nínú ìsọ̀ yìí, kí n tó kú. Ṣé o rántí? Ò ń bá mi di òwú mú. O ní, "Mọ́mì, yíìsì táwọn onípọ́fùpọ́fù ń pò mọ́ ìyẹ̀fun, ẹlẹ́mìí ni o. Ó máa ń bímọ. Ọmọ á yọ lára ìyá bí eéwo, á máa tóbi, ọrùn tín-ín-rín ló máa so wọ́n pọ̀. Kí ọrùn yẹn tó dí, ìyá gbọ́dọ̀ ti fi ìpín ọmọ ránṣẹ́ sí i." Mo ní ìpín wo. O ní àpò tó ń kó nǹkan pamọ́ sí, ààrò kéékèèké tó ń fún un lágbára, gbogbo ohun tó wà nínú ìyá ni ọmọ gbọ́dọ̀ rí díẹ̀ gbà nínú ẹ̀.

Mo bi ọ́ pé ta ló ń gbé e. O ní àwọn pùròtéènì ni. Wọ́n ta okùn láti ara ìyá dé inú ọmọ, pùròtéènì kan sì ń rìn lórí okùn yẹn bí alárù. Ṣùgbọ́n alárù yẹn ò lè dá ẹrù gbé, àfi kí pùròtéènì kejì wà láàárín òun àti ẹrù. Èmi ni mo sọ pé òṣùká nìyẹn. O fò sókè, o ní, "Mọ́mì, ẹ gbà á!" Láti ọjọ́ yẹn ni àwa méjèèjì ti ń pè é ní òṣùká. Orúkọ òyìnbó lo fún un nínú ìwé, pẹ̀lú nọ́ńbà lẹ́yìn ẹ̀ bí ọkọ̀. Mo dá a mọ̀ síbẹ̀.

O kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ẹrù bá ti dé inú ọmọ, wọ́n á fa òṣùká ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ, kí ẹrù lè jókòó síbi tó dé. O kọ ọ́ pé pùròtéènì mìíràn wà tó ń di nǹkan mú sílẹ̀ fún ìyá, kó má bàa ṣófo. Ojú ìwé méjìléláàádọ́fà ni mo ṣí, mò ń wá ibi tí ìyá ti kú. Mi ò rí i! Ìyá fún ọmọ ní ìpín ẹ̀, ó di tiẹ̀ mú, ọmọ já kúrò, àpá ibi tó ti já wà lára ìyá, ìyá sì wà láàyè. Ó tún ń bí òmíràn. Òṣùká ni wọ́n ń fà ya, Waliyat, kì í ṣe ìyá. Ìwọ ọ̀mọ̀wé, ìwọ tó o fi ọdún méjì yọjú sínú ẹ̀rọ tó ń mú ohun kékeré tóbi, ohun tó o fojú ara rẹ rí níbẹ̀ lo wá ṣe òdìkejì ẹ̀ nílé.

Ojú ìwé kẹtàlélọ́gọ́ta ló mú mi dúró. O ní ẹ ṣe irú yíìsì kan tí òṣùká ẹ̀ kò ṣeé fà ya. Ẹrù dé inú ọmọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òṣùká ò tú u sílẹ̀, alárù sì tún wọ́ ọ padà sí ọrùn tó wà láàárín ìyá àti ọmọ. Ibẹ̀ ló há sí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Irọ́ yẹn ni òṣùká tìẹ. Mi ò ní tàn ọ́, ó gbé ọ débi tó gbé ọ dé. Ṣùgbọ́n o ti dé báyìí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan lòtítọ́ á lé e bá. Tìẹ ò tiẹ̀ pé ọdún mẹ́ta. Bó ò bá fà á ya, á wọ́ ọ padà, á wá há sí wa lọ́rùn, èmi àti ìwọ.

Bámilóyè ní ọjọ́ Ẹtì ni ilé ìwé ní kó o kó ìwé wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ìwé rẹ wà níbí, márààrún. Mo ti tẹ wúrà sára èèpo wọn, mo ti to ojú ìwé wọn, mo ti luhò sí wọn, òwú ti wà lójú abẹ́rẹ́. Mi ò tíì rán wọn. Mo lè yọ ojú ìwé kẹta sọnù kí ẹnikẹ́ni má mọ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní ṣe é. Ọwọ́ tó kọ ọ́ ni kó fà á ya.

Wá lọ́jọ́bọ̀, ní ọ̀sán gangan, nígbà tí gbogbo ìsọ̀ bá kún. Má rán ẹnikẹ́ni, òkú kì í fi ẹrù lé ìránṣẹ́ lọ́wọ́. Dúró síwájú pátákó tí bàbá rẹ fọwọ́ ara ẹ̀ kọ "Kùdírátù àti Ọmọ" sí, kó o sì pè mí ní Mọ́mì, kí Sabina gbọ́, kí àwọn tó ń ru bébà kọjá gbọ́. Fa ojú ìwé yẹn ya níṣojú mi, kó o mú òmíràn tó o tẹ̀ wá. Màá rán márààrún kó o tó kúrò lórí ìdúró. Lẹ́yìn náà, a jọ máa lọ bá àwọn tó ràn ọ́ lọ́wọ́, màá jókòó síwájú wọn kí wọ́n rí òkú dáadáa. Ohun yòówù kí wọ́n sọ, a jọ máa gbọ́ ọ. Ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá ẹ̀ ń gbé. Bó ò bá wá, mi ò ní wá ọ dé Bàrígà, ìwé rẹ á sì wà níbí.

Mi ò ṣépè fún ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ń yún mi. Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ. Kó má jẹ́ kí ojú tì ọ́ níwájú ayé bí ojú ṣe tì mí níwájú Sabina. Kí ìwé tó o kà yìí ṣe ọ́ láǹfààní. Kí ọmọ tìẹ má kọ orúkọ rẹ síbi tí kò yẹ. Kí Ọlọ́run sì dá ẹ̀mí mi sí, torí ó ti hàn pé ìwọ ò bá mi tọrọ ìyẹn. Àmín.

Èmi ni, ìyá tó bí ọ, tí kò tíì kú,

Kùdírátù.

Mo gbàgbé ohun kan. Ẹni tó tẹ ìwé rẹ ti gbé ojú ìwé kẹtàdínláàádọ́ta àti ìkejìdínláàádọ́ta sípò ara wọn, nínú márààrún. Àwòrán ọmọ tó ti já kúrò ló wá ṣáájú èyí tó ṣì so mọ́ ìyá ẹ̀. Bámilóyè ì bá rán an bẹ́ẹ̀, àwọn ọ̀gá rẹ ì bá sì rí i. Mo ti tò wọ́n bó ṣe yẹ. Ṣé òkú lè rí ìyẹn?