Ìwé Tó Pè Yín sí Bọ́mà

Sí Ọmọ Ogun Àtàtà, Ẹni Ọ̀wọ̀ Jùlọ, Kápẹ́ńtà Àgbà ti Ìlú Abẹ́òkúta,

Àwa, Ọ̀gá Àgbà Pátápátá ní Ọ́fíìsì Ìsinmi Àwọn Ológun Àtijọ́, Lọ́ńdọ́nù, kí yín. A gbọ́ pé ẹ kú. Ọ̀rọ̀ náà kò tẹ́ wa lọ́rùn rárá. Nínú àkọsílẹ̀ wa, ẹ ṣì ní họ́lidé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti lò ní ilẹ̀ Bọ́mà, a ò sì fún yín láyè láti gba ibòmíràn lọ. Nítorí náà, a pàṣẹ fún ikú pé kó dá yín sílẹ̀ kíákíá. Kí ẹ gbé àpótí yín, kí ẹ wá bá ọmọ yín ní téṣàn rélùwéè Lafẹ́nwá ní aago méje òwúrọ̀. Kí ẹ má pẹ́ o. Ọkọ̀ ò ní dúró.

Bàbá mi, ẹkún ti fẹ́ gba ohùn lẹ́nu ọ̀gá àgbà yìí, ẹ jẹ́ kó lọ jókòó. Èmi ni. Ẹ ti mọ̀ láti ìlà kìíní pé èmi ni, àbí ẹ ò mọ̀? Ohun tí mò ń bi yín láti oṣù mẹ́rin nìyẹn, kì í ṣe nípa ìwé yìí, nípa ìwé àkọ́kọ́ ni.

Màámi wà. Ó ti padà sídìí adìrẹ rẹ̀ ní Ìtòkú, ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá ń ná ọjà pẹ́, ńṣe ló máa ń gbà fún un, kò jà mọ́. Ṣọ́ọ̀bù yín wà ní títì. Mo máa ń ṣí i nígbà míì, kí n jókòó lórí bẹ́ǹṣì, kí n fi ìka kan pákó lẹ́ẹ̀mejì bí ẹ ti máa ń ṣe kí ẹ tó rẹ́ ẹ, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn onílé. Mo lè ṣe ohùn yín dáadáa ju ti ẹnikẹ́ni lọ, ẹ mọ̀. Mo lè ṣe àlùfáà wa, mo lè ṣe ìyá onílé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ, mi ò ṣe yín fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ń bà mí pé ó lè tán.

Gbogbo àdúgbò ló mọ ọ̀rọ̀ Bọ́mà yín. Bí ẹ bá jókòó síta lẹ́yìn iṣẹ́, tí ẹ da tíì sínú àwo pẹlẹbẹ, tí ẹ ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, bó tilẹ̀ ti tutù, ọ̀rọ̀ ń bọ̀ nìyẹn. Ẹ ó ní ìjọba kó yín lọ bá àwọn ará Jàpáànù jà níbẹ̀, ẹ lo ọdún méjì gbáko, ẹ ò rí ìlú náà. Ẹrẹ̀ rẹ̀ lẹ rí. Àgbọn wà níbẹ̀ bíi tiwa, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà bíi tiwa, oko ìrẹsì lọ títí kan ẹsẹ̀ òkè, ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ìbọn dání kì í wo òkè. Ilé òrìṣà wọn kan wà tí orí rẹ̀ ń dán bíi wúrà, ẹ rí i láti ẹ̀yìn lọ́rì, wọn ò jẹ́ kí ẹ sọ̀. Ẹ ó wá ní ẹ máa padà lọ lọ́jọ́ kan. Ẹ máa lọ bí èèyàn ṣe ń lọ họ́lidé. Ẹ máa wọ bàtà tó mọ́, ẹ máa jókòó, ẹ máa wò ó. Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín. Kápẹ́ńtà tí kò lọ họ́lidé dé Ìbàdàn rí.

Èmi ni mo máa ń rẹ́rìn-ín jù.

Nígbà tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀ ní fọ́ọ̀mù kejì, ẹ ò nà mí. Ẹ ní bí ìwé ò bá wọ orí mi, kó wọ ìka mi, ẹ bá mú mi lọ kọ́ taipù. Wò ó bí mo ṣe san oore náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀gá mi lọ jẹun. Mo ki bébà funfun kan bọ ẹnu taipuráítà, mo kó gbogbo òyìnbó ńláńlá tí mo ti gbọ́ lórí rédíò sí i, bó bára mu, bí kò bára mu. Mo ní ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń pe àwọn tó jagun ní Bọ́mà padà síbẹ̀ fún ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọkọ̀ òfurufú lọ́fẹ̀ẹ́, oúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ṣí sítáǹbù Lọ́ńdọ́nù kúrò lára ìwé àtijọ́ tí ọmọ ìyá onílé fi ránṣẹ́ sí i, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ tèmi, mo tì í sábẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹ̀fẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé èmi náà lẹ máa gbé e wá fún kí n kà á, torí ẹ ò lè ka òyìnbó. Mo rò pé bí mo bá kà á tán, màá bú sẹ́rìn-ín, ẹ ó yọ bàtà, ẹ ó lé mi yí àgbàlá ká, ó parí.

Ẹ gbé e wá lóòótọ́. Mo fi ohùn ọ̀gá àgbà kà á, mò ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń lọ. Nígbà tí mo gbójú sókè láti rẹ́rìn-ín, ẹ ti ṣí fìlà.

“Tún un kà.”

Mo tún un kà. Ẹ pe Màámi láti ẹ̀yìnkùlé.

“Wọ́n rántí wa. Ìwọ lo máa ń ní irọ́ ni mò ń pa.”

Màámi wo ìwé náà, ó wo ojú mi. “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé bó ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn?”

“Bó ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn, mà.”

Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu mi, mo gbé e mì bí ẹni gbé kóró àgbálùmọ̀ mì.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í múra nìyẹn. Ẹ kan àpótí ìrìn àjò fúnra yín, ẹ fi bébà iyanrìn fá a títí ó fi ń dán. Ẹ rán kóòtù. Ẹ lọ ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, fọ́tógíráfà ní kí ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ ní ológun kì í rẹ́rìn-ín fún ìjọba. Ẹ tún ní ẹ máa gbé gaàrí dání.

Màámi ní, “Bàbá àwọn ọmọ, ibi tí wọ́n ti ń jẹ ìrẹsì láàárọ̀ lálẹ́, kí lẹ fẹ́ fi gaàrí ṣe níbẹ̀?”

“Wọ́n á tọ́ ọ wò. Lọ́jọ́sí, ìyá arúgbó kan fún mi ní ìrẹsì nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọwọ́ mi ṣófo, mi ò ní nǹkan kan tí mo lè fún un.”

Lẹ́yìn náà lẹ ní kí n kọ̀wé sí Lọ́ńdọ́nù, kí n bi wọ́n bóyá ẹ lè mú mi dání, torí èmi ni ẹnu yín. Mo kọ ìbéèrè náà níṣojú yín. Lọ́sẹ̀ kejì, mo tún kọ èsì. Wọ́n gbà, mo ní. Ìrọ̀lẹ́ yẹn lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ẹnu-mi. A máa ń tẹ́ ìwé máàpù ilé ìwé mi sórí tábìlì, màá fi ìka gba ojú òkun láti Èkó, ẹ ó ní kí n rọra, kí n má sáré, ẹ fẹ́ mọ ibi tí a ti máa jẹun lọ́nà. Ẹ ó kọ́ mi bí òjò ibẹ̀ ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó ní tí a bá dé, iṣẹ́ wa àkọ́kọ́ ni pé a ò ní ṣe nǹkan kan. Bàbá, mo fẹ́ràn ìrọ̀lẹ́ wọ̀nyẹn ju ohunkóhun tí ẹ ṣe fún mi láyé yìí. Ìgbà míì wà tí mo máa ń gbàgbé pé irọ́ ni. Èmi náà ti ń ronú aṣọ tí màá wọ̀.

Ìlú Wásinmi ló là mí lójú. Ẹ ní a gbọ́dọ̀ lọ dágbére fún ẹnì kan kí a tó rìn, a bá wọ rélùwéè. Nínú ọkọ̀ lẹ ti sọ ohun tí ẹ ò sọ rí lórí bẹ́ǹṣì ìta. Ẹ ní ẹ̀yin àti Ṣógbèsàn lẹ jọ wọṣẹ́ ogun, ọmọ Wásinmi ni. Ó kú lẹ́bàá odò kan ní Bọ́mà, bọ́ǹbù ń bọ́, ẹ sin ín kíákíá, ẹ sá. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá kú sájò, a máa ń gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ wálé, kí àwọn èèyàn rẹ̀ lè rí nǹkan sin. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ọ̀bẹ wà lápò yín. Ọmọ ogún ọdún ni yín, ẹ̀rù bà yín, ẹ ò gé e. Nígbà tí ogun parí tí ẹ dé Wásinmi, ìyá rẹ̀ kò sunkún. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síwájú yín, ó ń dúró dè yín kí ẹ gbé e lé e. Ẹ ní bó ṣe tẹ́ ẹ títí ó fi kú nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló kù, Ìyá Wásinmi. Ó ń sá ẹ̀gẹ́ sóòrùn níwájú ilé nígbà tí a dé.

Ẹ dọ̀bálẹ̀ fún un. “Ẹ̀gbọ́n mi, ìjọba ti pè mí. Mò ń lọ bu yẹ̀pẹ̀ ojú oórì rẹ̀ wá fún yín.”

“Kápẹ́ńtà. O ò lè mú èékánná kan ṣoṣo wálé lọ́jọ́sí, ìsinsìnyí lo fẹ́ ru ilẹ̀ wá.”

“Ẹ máa bú mi. Ó tọ́ sí mi.”

“Mi ò bú ọ. Mò ń béèrè ìgbà tí o máa dé ni.” Ó na ọwọ́ sí mi. “Èyí tí ìjọba ní kó tẹ̀ lé ọ nìyí? Ó mà tín-ín-rín o. Fún un lóúnjẹ kí atẹ́gùn òkun má gbé e lọ.”

Ó mú wa lọ sẹ́yìn ilé, ó fi ibi tó máa kó yẹ̀pẹ̀ náà sí hàn wá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú oórì ìyá wọn. Mo tẹjú mọ́ ilẹ̀ náà. Bí a ti ń padà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo la ẹnu nínú ọkọ̀ láti sọ fún yín. Ojú yín wà níta fèrèsé, ara yín fúyẹ́ bí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀. Mo pa ẹnu dé.

Ikọ́ yín bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e. Lórí ibùsùn, ẹ ń béèrè bóyá wọ́n ti fi ọjọ́ ránṣẹ́. Mo kọ ìwé kẹta: wọ́n sún un síwájú nítorí òjò. Ẹ mi orí, ẹ ní òótọ́ ni, wọ́n gbọ́n, èèyàn kì í rìn nínú òjò Bọ́mà. Ẹ kú lọ́jọ́ kẹrin tí mo kà á fún yín. Màámi wọ kóòtù tuntun fún yín, ó ká ìwé àkọ́kọ́ náà, ó fi sí àpò àyà kóòtù náà. Mo wò ó. Irọ́ mi wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀. Ṣé ẹ ti fi han Ṣógbèsàn? Kí ló wí?

Ìyá Wásinmi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní bí Kápẹ́ńtà ti kú, orúkọ ọmọ rẹ̀ ṣáà wà nínú ìwé ìjọba, kí ọmọ náà lọ. Bàbá, ẹ mọ irú ọmọ tí ẹ bí. Mo lọ bu yẹ̀pẹ̀ pupa létí odò Ògùn, mo dì í sínú lẹ́ílọ́ọ̀nù. Mo kọ́ ohùn tí màá fi sọ ọ́, bí mo ṣe wọ ọkọ̀ òfurufú, bí ojú oórì náà ṣe rí, koríko orí rẹ̀. Mo wọ rélùwéè. Ohun gbogbo wà létè mi.

Mo dé ibẹ̀, mo tú u. Ìyá Wásinmi kúnlẹ̀, àgbàlagbà yẹn, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì.

Mi ò lè dà á sí i. Mo wólẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí taipuráítà títí dé àpò kóòtù. Kò gbá mi.

“Bàbá rẹ mọ̀?”

“Mi ò mọ̀ bó mọ̀, mà.”

“Dìde. Dà á sídìí ọsàn yẹn. Yẹ̀pẹ̀ ò ṣẹ̀, ìwọ lo ṣẹ̀.” Nígbà tí mo dà á tán, ó ní, “O mọ ìwé kọ sí bàbá rẹ bí ẹni pé ìjọba ni ọ́. Lọ kọ ọ́ sí ìjọba báyìí bí ẹni pé ìwọ ni. Bi wọ́n ibi tí wọ́n fi àbúrò mi sí. Bí wọn ò bá dáhùn, tún un kọ.”

Mo ti ń kọ ọ́ láti àárọ̀, Bàbá. Òyìnbó rẹ̀ ò tóbi. Mo béèrè ibi tí wọ́n sin ín sí, mo ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dàgbà, mo ní báwo ni èèyàn ṣe lè rí yẹ̀pẹ̀ díẹ̀ gbà. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀ níbi orúkọ, ìka mi fẹ́ tẹ Ọ̀gá Àgbà. Mo tẹ èyí tí ẹ sọ mí lọ́jọ́ kẹjọ. Ó kúrú lójú bébà, ó dà bí ẹni tó dúró ní ìhòòhò. Ọ̀la ni màá mú un lọ sí pósọ́fíìsì, àmọ́ mi ò fẹ́ kí ìjọba gbọ́ òótọ́ lẹ́nu mi ṣáájú yín.

Kò sẹ́ni tó pè yín sí Bọ́mà, Bàbá mi. Èmi ni mo pè yín. Mo sì ń fẹ́ kí a jọ lọ.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín, tó parọ́ fún yín, tí kò tíì palẹ̀ máàpù kúrò lórí tábìlì.